Ọ̀dá Tí Kíkẹ́ Mọ̀

Ní Surulere, bí ẹnìkan bá ní ọ̀dá dá òun, kò sẹ́ni tí í gbójú wo òkè. Àpò ni wọ́n ń wò. Ọ̀dá owó ni, kò sí òmíràn. Ọ̀dá a máa dá tíṣà kí oṣù tó parí, a máa dá télọ̀ bí ọdún bá ti kọjá, a sì máa dá wòlíì pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wòlíì kì í jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀dá tán, "ìlú gbẹ" ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìlú gbẹ, ọjà gbẹ, ọwọ́ gbẹ. Wọ́n á máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àgbàrá ń gba abẹ́ géètì wọlé, tí àwọn ọmọ ń kó bàtà sórí tábìlì kó má baà bá omi lọ, kò sì ní rú ẹnikẹ́ni lójú.

Kíkẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé kò mọ ọ̀dá mìíràn. Mushin ni wọ́n bí i sí, Surulere ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ilé ìwé girama kan ní Yaba ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ wá jẹun ní Mushin, ti kú. Ìyá rẹ̀ náà ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó lè pè ní tòun ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀, Màmá Fàósátù, tó ń dá gbé ní Abà Ọ̀jẹ̀túndé, abúlé kékeré kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá kò dé Èkó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀, nígbà ìgbéyàwó Kíkẹ́. Kò rántí ijó, kò rántí oúnjẹ. Ọ̀sà tó rí láti orí afárá ló gbé délé, tó ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Okúdù, Kíkẹ́ ń tẹ́ aṣọ tí òjò kò jẹ́ kó gbẹ sórí àga nínú pálọ̀ nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà Najeem ni. Najeem jẹ́ ọmọ ọmọ àbúrò Màmá, ọlọ́kadà ní abà. Fóònù rẹ̀ ni Màmá ń lò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú abà. Bí Màmá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Najeem á gbé e lórí ọ̀kadà dé ìdí àpáta kan, wọ́n á gun ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan. Nítorí náà, Màmá kì í pè bí kò bá sí ohun tó ń lé e.

"Kíkẹ́!" Màmá kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Igbe ní í ké, bí ẹni tí kò gbà pé ẹ̀rọ náà wúlò.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Ọmọ mi, ọ̀dá dá wa o! Gbogbo ibí ti gbẹ. Gbígbẹ tí mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé."

Kíkẹ́ mí kanlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tíì dá a lẹ́jọ́. Lanlọ́ọ̀dù ti fi owó kún owó ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbádé ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ti ń lọ ń bọ̀ láìríṣẹ́ tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ń fo oúnjẹ ọ̀sán, ó ń pè é ní ààwẹ̀. Bí ebi bá ń pa ènìyàn, tí ẹlòmíràn tún pariwo ebi sí i létí, inú kì í dùn.

"Màmá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Ọ̀dá yìí ò mojú ẹnikẹ́ni. Kódà, tiwa le ju tiyín lọ."

"Ní Èkó?"

"Ní Èkó níbí o. Ẹ̀yin tiẹ̀ sàn, ẹ ṣì ń rí nǹkan ṣa lóko."

Atẹ́gùn ń lu fóònù lọ́dọ̀ Màmá, ohùn ń já, ó ń padà. "Ọ̀sà náà ńkọ́?" ló bèèrè.

Ọjà ni Kíkẹ́ gbọ́. Kò sì tíì pẹ́ tó ti Tejúoṣó dé, tó rí àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, tí wọ́n ń tòògbé lórí aṣọ tí kò sẹ́ni tó ń ná an.

"Ó ti gbẹ, Màmá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, àánú á ṣe yín. Wọ́n kàn jókòó tì í ni, wọ́n ń wò ó."

"Háà! Ọlọ́run Ọba!"

"Bẹ́ẹ̀ ni o, Màmá."

Nígbà tí arúgbó náà tún sọ̀rọ̀, igbe ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. "Mo ti ní kí n wá sọ́dọ̀ yín ni. Mo ti di ẹrù mi. Mo ní kí n wà lọ́dọ̀ yín títí tó fi máa rọ̀, kí n máa bá ọ wo ọmọ."

Kíkẹ́ wo pálọ̀ rẹ̀. Yàrá kan ló tún kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ro ti ẹnu kan tí yóò tún kún ẹnu mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ojú sì tì í bó ṣe ń rò ó, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun rírò ó.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó rọ̀ ná. Tó bá ti rọ̀ díẹ̀, èmi fúnra mi á wá gbé yín. Níbí ò dáa báyìí rárá. Ẹ kàn máa wá jìyà ni."

"Ó dáa, ọmọ mi. Beulah ńkọ́? Ṣé ó ń rí mu?"

Kíkẹ́ rò pé ògì tàbí tíì ni ìyá àgbà ń bèèrè. Beulah ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́fà, kò sì tíì mu tíì oní mílíìkì láti ọjọ́ pípẹ́. "À ń fún un ní díẹ̀díẹ̀, Màmá. À ń ṣọ́ ọ lò."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Kíkẹ́ fi nǹkan kékeré ránṣẹ́ sí àkáǹtì Najeem kó gbé e fún Màmá, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ohun tí ọmọ lè ṣe lòun ṣe. Ó padà sídìí aṣọ tútù.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ nípa ọ̀gbẹlẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé tí ìjọba fi lélẹ̀ fún sáà náà nìyẹn, òun kọ́ ló yàn án. Òjò ń lu páànù òrùlé débi pé ó ní láti máa pariwo. Àwọn tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ti sún àga wọn kúrò níbi tó ń fín sí wọn lára. Ó ṣí ìwé sókè, ó fi àwòrán hàn wọ́n: ilẹ̀ tó sán wẹ́wẹ́, egungun màlúù, ràkúnmí méjì lókèèrè.

"Àríwá lèyí ti máa ń ṣẹlẹ̀," ló pariwo, "lápá aṣálẹ̀. Kì í ṣe tiwa níbí. A ò mọ irú ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá."

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Christabel nawọ́. "Má, kí ni wọ́n ń pe drought ní Yorùbá?"

Kíkẹ́ ronú díẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ kan tó rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. "Ọ̀gbẹlẹ̀," ló wí. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló máa fi Yorùbá dáhùn nínú ìdánwò jọ́gíráfì?

Ó wá ṣàlàyé fún wọn bí nǹkan ọ̀hún ṣe máa ń rìn. Ewé á kọ́kọ́ ká. Kànga á wálẹ̀. Ẹran ọ̀sìn á kú. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ènìyàn, nítorí omi tó kù á jìnnà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára kò sì ní lè dé ibẹ̀ kó padà wá láyọ̀. "Àwọn àgbà àti ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ lọ." Ó kọ èyí sójú pátákó, ó fa ìlà sí i nídìí, ó ní kí wọ́n fi sọ́kàn, pé ó máa ń jáde nínú ìdánwò.

Ẹnu ló fi sọ gbogbo rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni Najeem pè. Kò ju gbólóhùn kan lọ kí ọ̀rọ̀ tó gé: Màmá fi nǹkan ránṣẹ́, kí Àǹtí lọ gbà á lọ́wọ́ dírẹ́bà ní gáréèjì. Inú Kíkẹ́ dùn. Ó ti ń retí epo, tàbí oyin, tàbí gààrí. Nígbà tó dé ibẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ni dírẹ́bà gbé sílẹ̀ fún un, wọ́n fi ọ̀rá dì í lẹ́nu, wọ́n sì ya etí ìró àdìrẹ Màmá, wọ́n fi so ó le. "Madam, kíni yìí wúwo o," ni dírẹ́bà wí. "Ìyá yẹn fẹ́ràn yín gan-an."

Gbádé ló gbé e wọ kíṣìnì. Kíkẹ́ gbé ìkòkò sílẹ̀ láti da epo sí. Ó tú aṣọ, ó tú ọ̀rá, ó da díẹ̀ sí ìkòkò. Ohun tó jáde kò pọ́n bí epo, kò sì fà bí oyin. Ó rí fẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe bí ẹni pọ́n díẹ̀. Gbádé fi ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

"Omi ni."

"Omi kẹ̀?"

"Omi lásán, Mọ́mì Beulah. Wọ́n fi álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sí i ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ta ni í gbé omi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yé Kíkẹ́ nìyẹn, tàbí ibi tó rò pé ó ti yé òun. Mùsùlùmí ni Màmá. Kíkẹ́ ní tirẹ̀ ń kọrin nínú kóyà Áńgílíkà, kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lábúlé.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mo sọ fún Màmá pé ọ̀dá dá wa. Ó ti gba ọ̀dọ̀ ààfáà lọ. Omi àdúà nìyí, pé ká máa fi wẹ̀ kówó lè wọlé."

Gbádé bú sẹ́rìn-ín. "Ká fi wẹ̀ náà! Ta ló kórìíra owó?"

"Dádì Beulah, ẹ má bá mi fi ṣeré. Omi tí wọ́n ti ké kéwú sí kò ní sun ilé mi."

Beulah ti gbé kọ́ọ̀bù wá, ó fẹ́ bu díẹ̀ wò. Kíkẹ́ gbá a lọ́wọ́. "Má fẹnu kàn án!" Ọmọ sunkún. Ìyá rẹ̀ da tinú ìkòkò padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó wọ́ ọ lọ sẹ́nu gọ́tà níwájú ilé, ó dojú rẹ̀ dé. Gọ́tà ti kún fún omi òjò tẹ́lẹ̀, kò ráyè fún tuntun, nítorí náà omi Màmá dúró díẹ̀ lójú kan kó tó bá ìyókù lọ. Kẹ́ẹ̀gì ńlá ni. Ó pẹ́ kó tó gbẹ tán.

Ó pe nọ́ńbà Najeem láti bá Màmá wí, kò wọlé. Ó tún un pè lọ́jọ́ kejì, kò wọlé. Ìdánwò dé, ìwé àwọn ọmọ kún ilẹ̀, ó ní tó bá yá òun á bá a wí.

Najeem fúnra rẹ̀ ló dé, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Gbádé, ó kí Kíkẹ́, ó sì jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga mọ̀ pé òun wà lórí rẹ̀.

"Najeem! Káàbọ̀. Ṣé kò sí o? Màmá ńkọ́?"

"Àwọn ará ilé ní kí n kí yín."

Kíkẹ́ gbé omi tútù wá nínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e ka orí àwo, bó ṣe yẹ fún àlejò. Najeem kò gbà á. Ó ti fa ìgò kan yọ nínú báàgì rẹ̀, omi inú rẹ̀ pọ́n, kò sì ju ìlàjì lọ.

"Wọ́n ní kí n gbé tèmi dání láti ilé, kí n má baà dín tiyín kù," ló wí.

"Tiwa? Kí ló ṣe tiwa?"

Najeem wo kọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Nílé kejì, táǹkì ti kún, omi ń ṣàn dànù láti orí rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ tó ń fà á sókè.

"Láti gáréèjì ni mo ti ń bi ara mi," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ omi ní Ojúẹlẹ́gba. Àǹtí, ẹ má bínú o. Ọ̀dá wo lẹ ní ó dá yín?"

"Ọ̀dá owó ni. Ọ̀dá wo ló tún—"

Kò parí rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ibi ti gbẹ. Ó ń rí mu? Títí tó fi máa rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì di àga mú.

"Òjò ni," ni Najeem wí. "Láti ìgbà tá a ti gbin àgbàdo, kò kán sílẹ̀. Àgbàdo kú. Ewúrẹ́ kú. Kànga gbẹ, odò gbẹ, ihò la ń gbẹ́ sínú odò ká tó rí èyí tá a máa bù. Mo gbé owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ fún un. Ó ní kí lòun fẹ́ fi rà."

"Najeem, Màmá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Wọ́n ti rán an níṣẹ́, kò sì sí bó ṣe lè fi adùn sí i.

"Lọ́jọ́ tá a pè yín yẹn, ó ti di ẹrù. Nígbà tá a darí délé, ó tú u. Mo ní, 'Màmá, Èkó ò lè gbẹ.' Ó ní, 'Kíkẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òjò àti odò. Bó bá ní ọ̀sà ti gbẹ, ó ti gbẹ.' Ẹkún yín ló ń sun kiri abà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan gbé tánkà omi wá fún wa láti ìgboro, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kò tọ́ ọ wò. Ó ní kí n gbé e fún dírẹ́bà, pé ọmọ Kíkẹ́ ò gbọdọ̀ fi òùngbẹ sùn, pé àwa mọ ibi tá a ti ń wa tiwa. Ó bá gbé ọkọ́ àti igbá, ó lọ sódò. Ihò yẹn ti jìn. Iyanrìn ló ya lù ú. Òun nìkan ló lọ, a ò tètè mọ̀."

Gbádé dìde, ó tún jókòó. Beulah ń bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé.

"A sin ín lọ́jọ́ náà," ni Najeem ń wí lọ. "Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ti fóònù. Kò sí omi tá a máa fi wẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Erùpẹ̀ ni àwọn ìyá fi ra á lọ́wọ́ àti lójú. Ààfáà ní bí ẹ̀sìn ṣe sọ nìyẹn, tí omi bá ti wọ́n, pé ó tó. Ó tó náà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wa."

Kíkẹ́ kò sunkún. Ẹkún ìbá sàn fún un. Ìtìjú ló kọ́kọ́ dé, ó gbóná, ó sì burú débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí nínú ilé ara rẹ̀.

"Omi yẹn dé yín lọ́wọ́?" ni Najeem bèèrè.

"Ó dé."

"Ọmọ mu ún?"

Gbádé wo ìyàwó rẹ̀. Kíkẹ́ lè parọ́. Kò sẹ́ni tó máa já a. Ṣùgbọ́n irọ́ tí kò mọ̀ pé òun pa lórí fóònù ṣì wà níwájú rẹ̀, kò sì lágbára láti gbé òmíràn lé e.

"Mo dà á nù, Najeem. Mo dà á sí gọ́tà. Mo rò pé..."

Najeem kò pariwo. Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tútù náà, ó so okùn rẹ̀, ó fà á le ju bó ṣe yẹ lọ.

"Àdúà ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀," ló wí. "Ẹ máa wá sílé. Àwọn ìyá á bi yín. Gbogbo abà ló mọ̀ nípa kẹ́ẹ̀gì yẹn, òun ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ara wọn lọ́kàn, pé kò kú lásán, ọmọ mu ún. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó mu ún."

Kíkẹ́ mi orí pé òun ti gbọ́.

"Ẹ má mi orí. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ó mu ún."

"Ojú yín ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹ tún un sọ."

"Ó mu ún," ni Kíkẹ́ wí, ó sì ń wí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, títí Najeem fi ní ó ti tó.